Ó Ń Mí Ni Mo Kọ, Ó Ń Mì Ni Ó Kà

Bí rọ́bà bá gbóná lára ẹ́ńjìnnì, tí òórùn rẹ̀ wá pàdé òórùn kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì, òórùn kẹta kan máa ń ti ibẹ̀ jáde tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni òórùn ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkọ̀lé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá àgbà kan ló máa ń sá kòkó rẹ̀ sórí tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àràárọ̀ la sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó sún un díẹ̀ kí ọkọ̀ oníbàárà lè ráyè wọlé. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó kọjá, ẹnìkejì mi ni ọkàn mi máa ń lọ bá, inú mi a sì tún bàjẹ́ lákọ̀tun, bí ẹni pé àná ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ẹnìkejì mi ni mo ń pè é báyìí, nítorí pé orúkọ tí mo ń pè é nígbà náà kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Abẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo la ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìdó. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la ń sùn bí oòrùn bá mú, àwo kan náà la fi ń jẹun, ọjọ́ kan náà la sì gba fírídọ̀mù. Nígbà tí ó tó àkókò láti ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwa, a kò fẹ́ dúró ní Ìdó kí ó má baà dà bíi pé à ń bá ọ̀gá wa du oníbàárà, la fi kọjá sí Ìkọ̀lé. Ẹni tó máa kọ pátákó wa béèrè pé orúkọ ta ni kí òun fi sókè, orúkọ ta ni kí òun fi sísàlẹ̀. Èmi ni mo ní kó kọ méjèèjì sórí ìlà kan ṣoṣo. Ó ní pátákó náà á fẹ̀ jù. A ní kó fẹ̀. Ó fẹ̀ lóòótọ́. Ó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà wa lọ, débi pé àwọn ọlọ́kadà ń bi wá bóyá ọkọ̀ la fẹ́ máa tún ṣe ni àbí a fẹ́ díje fún ipò gómìnà. A bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí mo ní láyé nígbà náà tí mo fẹ́ràn tó pátákó yẹn.

Jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀gá wa díẹ̀, nítorí láìsí i, ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé ọ. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ nínú akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan sípánà kó tó sọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Yóò ní kí o dúró níwájú ọkọ̀ tó wà ní síló, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tẹ iná fún un, yóò wá bi ọ́ pé, “Ó ń mì ni, àbí ó ń mí?” Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọkọ̀ tó ń mì, ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n: bóyá síìtì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ti kú, tàbí pọ́lọ́ọ̀gì kan kò tan iná mọ́. Ọkọ̀ tó ń mí, ohùn rẹ̀ ló ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, vùùù, vùùù, bí ẹni tó sáré gun òkè tó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ: atẹ́gùn ti rí ihò gbà wọlé níbi tí kò yẹ. Bí o bá ṣi ọ̀kan pè fún èkejì, ọ̀gá á ní kí o lọ fi ọṣẹ fọ gbogbo sípánà inú àpótí. Èmi fọ̀ ọ́. Ẹnìkejì mi náà fọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbàgbé pé ó mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ pupa kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ Òmù kan tó ti òkè òkun dé, tó ń kọ́lé sí ìlú rẹ̀, ló gbé e wá. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó rẹlẹ̀ débi pé ìyá oníkòkó bẹ̀rẹ̀ wo ẹni tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú ìkòkò, ó sì ní tọ́bò, ẹ̀rọ róbótó tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wá sọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ tákísí àti bọ́ọ̀sì tó ń ná Ìkọ̀lé sí Ìdó la máa ń tún ṣe, èyí tí wọ́n ti fi wáyà so ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin náà ní bí òun bá tan án ní òwúrọ̀, ó ń ṣe dáadáa, àfi bó bá gbóná tán tí òun bá dúró. “Yóò máa pariwo fúnra rẹ̀,” ló wí, “yóò wá fẹ́ kú, yóò tún ta jí. Ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ó ti sú mi, ẹ̀yin ọmọ ìyá.” Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun tó ní irú rẹ̀ pọ̀, bí a bá lè wo èyí sàn, kò sí ẹni tí yóò tún gbé tirẹ̀ lọ Èkó mọ́. Ẹnìkejì mi wò mí, mo wò ó. Bí ọkọ̀ yẹn bá dára, orúkọ méjèèjì tó wà lórí pátákó wa á di orúkọ gidi. Bí kò bá dára, a jẹ́ pé mẹkáníìkì tákísí la ó kú sí. Bí ó ṣe rí lójú wa nìyẹn.

A jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní nǹkan kékeré kan tó máa ń kì bọ abẹ́ sitíárìn, tí fóònù rẹ̀ á fi ka àìsàn ọkọ̀ jáde. Fóònù náà sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ọlọ́kọ̀ túmọ̀ èyí sí pé epo tí òun rà kò dára, la bá fa gbogbo epo inú táǹkì jáde, a fi tuntun sí i. Kò gbọ́. A pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Ó rọra dákẹ́ títí ó fi gbóná, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. A tú tórótù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, a fọ ìdọ̀tí dúdú ara rẹ̀ títí ó fi ń dán. Abẹ́rẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì ń gòkè, ó ṣì ń sọ̀. Ẹnìkejì mi gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní ìgbọ̀nrìrì náà pọ̀. Mo ní ká fara balẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan ni mo gbé e jáde lọ sí ọ̀nà Ọyẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, orí mi wú. Bí mo ti tẹ iná fún un báyìí ni ó fò bí ẹtu, àwọn èèyàn ń yíjú wò mí láti inú oko ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró sábẹ́ igi kan tí mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mo gbọ́ ọ. Mo dijú. Ara ọkọ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́, àmọ́ gbígbọ̀n náà ń tẹ̀lé ohùn ni. Bí ohùn bá gòkè, ara á dákẹ́, bí ohùn bá ń kú lọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ohùn ló ṣáájú. Ó ń mí. Atẹ́gùn ń jí wọlé láti ibì kan lẹ́yìn tórótù, ibi tó fara sin tí ojú kò lè tètè rí. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Mo ti fẹ́ yí ọkọ̀ padà kí n lọ sọ fún ẹnìkejì mi nígbà tí àbúrò mi pè láti Òsì pé ìyá wa ṣubú lóko, pé wọ́n ti ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Mo gbé ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, mo ju kọ́kọ́rọ́ sí ẹnìkejì mi lọ́wọ́, mo fò sórí ọ̀kadà. Kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Òun gan-an ló ń tì mí lẹ́yìn pé, “Máa lọ, máa lọ, ìyá ló kàn.”

Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn rí mọ bí ọjọ́ ṣe máa ń gùn níbẹ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi, ó ń sùn, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú wọ́ọ̀dù. Mo ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń mí. Bóyá ìyẹn ló rán mi létí ọkọ̀ pupa. Mo yọ fóònù, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ẹnìkejì mi bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì kankan lórí: “Oko yen n mi o. Wo ibi to ti n mi ki o to tu nkankan.” Kò pẹ́ tí èsì rẹ̀ fi dé: “O ti ye mi.” Mo gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí ó yé e ni mi ò tíì mọ̀.

Ìwọ náà ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ó ń mí. Ó kà á pé ó ń mì. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa fi pọ́n etí wa fún ọdún gbáko, fóònù pa á pọ̀ di ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnìkejì mi wo ibi tí ọkọ̀ ti ń mì, ó rí síìtì ẹ́ńjìnnì tó ti ń gbó, ó ní kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ láti Èkó, ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó pààrọ̀ wọn. Nígbà tó tan ọkọ̀, ara rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Kí ló tún kù? Ó pe ọlọ́kọ̀ pé kó wá gbé ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọlọ́kọ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn èèyàn lè bá a yọ̀. Ibi tó ti fẹ́ rọra wà á wọ inú ọgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ bíréèkì dáadáa, ni ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná náà fa èémí ńlá kan. Ọkọ̀ fò, ó lọ forí sọ ògiri ọgbà níwájú gbogbo ìjọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ fọ́, ìtìjú ọkùnrin náà sì jù ú lọ, torí akọrin ti ń tò bọ̀ lásìkò yẹn, wọ́n sì rí gbogbo rẹ̀.

Ó fa ìbínú wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá oníkòkó wà níbẹ̀, òun ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní ọlọ́kọ̀ pariwo títí. Ẹnìkejì mi kò pariwo padà. Ó kàn yọ fóònù rẹ̀ ni, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ mi hàn án, ó ní, “Ẹ kà á fúnra yín. Ẹnìkejì mi ló ní ó ń mì, èmi ṣe ohun tó ní kí n ṣe ni.” Ọlọ́kọ̀ kà á sókè, ó pè é ní mì, gbogbo ẹni tó dúró sì gbà pé mì ni. Látọjọ́ náà ni ọkùnrin yẹn ti ń sọ kiri láti Òmù títí dé Ọyẹ́ pé mẹkáníìkì kan wà ní Ìkọ̀lé tó máa ń jókòó sí Ìdó, tí á máa fi fóònù tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe. Mẹkáníìkì Orí Fóònù. O mọ àwọn èèyàn wa, bí orúkọ bá ti lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó ti di orúkọ ìsàmì nìyẹn. Kí ìyá mi tó lè dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ni ẹnì kan ti pè mí bẹ́ẹ̀ níbi tí mo ti ń ra omi lẹ́nu géètì ọsibítù.

Mo sọ ọ́ fún ara mi nígbà náà, mo tún ń sọ ọ́ fún ọ báyìí: kò yẹ kó ṣì í kà. Kò sí àmì lórí “oko” tí mo kọ. Kí ló dé tí kò fi kà á sí oko ẹ̀gẹ́, kó gbé àdá lọ wo ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ń mì? Ó mọ̀ pé ọkọ̀ ni, nítorí ó mọ̀ mí, ó mọ iṣẹ́ wa. Ẹni tó mọ̀ mí yẹ kó mọ̀ pé n kò lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn kí n máa kọ̀wé nítorí síìtì ẹ́ńjìnnì tí ọmọṣẹ́ tó lo ọ̀sẹ̀ kan péré lè rí. Òun náà sì ní èsì tirẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn náà: ó ní èmi tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni, kí ló dé tí n kò kọ ọ̀kan tó dá yàtọ̀? Kí n ní atẹ́gùn ń wọlé, kó tán. Ó ní ojú rẹ̀ rí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, etí rẹ̀ kò sí lẹ́nu mi. Bí a bá ní ká máa jà lórí ìyẹn nìkan, à bá ti jà tán, ká sì jọ jẹun lálẹ́.

Nígbà tí wọ́n dá ìyá mi sílẹ̀, tí mo sì mú un dé Òsì, òun ló kọ́kọ́ lé mi. “Ugbà wo lo máa padà sídìí uṣẹ́ rẹ?” ló wí. “Ọ̀rẹ́ rẹ nìkan ló wà níbẹ̀.” Mo padà. Ọkọ̀ pupa wà nínú ọgbà wa, iwájú rẹ̀ ti wó sínú, ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Ẹnìkejì mi kí mi, mo kí i. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo ránṣẹ́ pe fọ́kànáísà tó wà ní òdìkejì títì pé kó gbé ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà wá. Ọ̀nà tí ọ̀gá wa fi ń wá ihò afẹ́fẹ́ nìyẹn, kò yàtọ̀ sí bí fọ́kànáísà ṣe ń wá ibi tí táyà ti jò. Mo gé ike, mo fi dí ẹnu páìpù ńlá tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, mo ki fáàfù táyà bọ àárín ike náà, a rọra ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo po ọṣẹ sínú garawa títí ó fi hó, mo fi kànìnkànìn ń pa ìfófòó rẹ̀ sára gbogbo họ́ọ̀sì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfófòó náà kò wú lára ọ̀kankan. Nígbà tí mo na ọwọ́ dé ẹ̀yìn ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pín wọ inú ẹ́ńjìnnì, lábẹ́, níbi tí ojú kò dé, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń bẹ́, ó tún ń wú. Họ́ọ̀sì kékeré kan ló ya, kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ.

Mo tẹ̀ sí i, mo fi ìka kàn án. Ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bá kì í ṣe rọ́bà. Táépù ni. Wọ́n ti fi táépù dì í, ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù ara rẹ̀, ó sì ti ń ṣí. Kò sí eruku lára rẹ̀, tuntun ni. Ní ìparí rẹ̀, wọ́n ti ṣẹ́ etí táépù náà po sẹ́yìn, kékeré báyìí, kí ẹni tó máa tú u lọ́la má baà máa fi èékánná wá ibi tó parí sí. Ọ̀gá wa ló kọ́ wa ní ìyẹn. N kò rí mẹkáníìkì mìíràn tó ń ṣe é rí ní gbogbo agbègbè wa. Ọwọ́ mi kò tíì kan họ́ọ̀sì yẹn rí kó tó di ọjọ́ náà, ọ̀gá wa sì wà ní Ìdó.

Nítorí náà, ó ti rí i. Nígbà tó gbé ẹ́ńjìnnì sókè láti pààrọ̀ síìtì, ojú rẹ̀ ti rí họ́ọ̀sì tó ya, ó sì ti yé e nígbà yẹn ohun tí mo kọ. Ó mọ̀ pé ó ń mí ni. Ó mọ̀ ọ́n kó tó yọ fóònù rẹ̀ síta fún ọlọ́kọ̀. Mo gbójú sókè wò ó láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ilẹ̀. Mo ṣí táépù náà kúrò, mo fi pa mọ́ sínú àpò ṣòkòtò mi kí ọlọ́kọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo wá fi họ́ọ̀sì hàn án. Èmi ni mo bo ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ níbì kan, ó kéré tán níbí yìí, pé mo bò ó.

“Ṣé èyí lásán ni?” ni ọlọ́kọ̀ béèrè. Mo ní òun ni. A fi họ́ọ̀sì tuntun sí i, a tan án, a jẹ́ kó gbóná dáadáa. Abẹ́rẹ́ dúró sójú kan, ohùn ẹ́ńjìnnì tẹ́ bí omi inú àwo. Ọlọ́kọ̀ bọ ẹnìkejì mi lọ́wọ́, ó ní ó ṣeun tó dúró ti ọkọ̀ òun látìgbà yìí. Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mẹkáníìkì Orí Fóònù, ara ìyá ń kọ́?” Mo dúró kí ẹnìkejì mi sọ nǹkan kan. Gbólóhùn kan péré ni mo ń retí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà sínú àpótí.

Ìgbà tó ku àwa méjì ni mo na táépù náà sí i. “Ìgbà wo lo rí i?”

“Ọjọ́ tí mo gbé ẹ́ńjìnnì sókè.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó nù ún títí. “Mo ti ní kí síìtì máa bọ̀ láti Èkó. Mo ti sọ fún ọkùnrin yẹn pé síìtì ni. Ṣé kí n tún wá sọ fún un pé a ò mọ̀wé kà ni?”

“Àwa?”

“Ìwọ lo kọ ọ́,” ló wí.

A kò ja ìjà kankan lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹn ló burú jù. À ń ṣiṣẹ́, à ń kí ara wa, ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ, torí orúkọ ẹlẹ́yà kò sí lára tirẹ̀. Àwọn kan á ní, “Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ jẹ́ kí èyí tó ń fojú wò ó bá wa wò ó.” Òun gbọ́ ọ nígbàkigbà, kò sì là wọ́n lọ́yẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó ní òun ti rí àyè ní Ọyẹ́, pé ọkọ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì pọ̀ níbẹ̀. Mo ní kó lọ ire. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń kó ẹrù, mo dé ṣọ́ọ̀bù mo bá káfíńtà lórí àkàsọ̀ tó ń fi ayùn gé pátákó wa. Bí kì í bá ṣe orí ìlà kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n kọ wá sí, kì bá tí rọrùn láti gé e bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìdajì tirẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ìdajì tèmi ṣì wà lókè níbẹ̀ títí di òní pẹ̀lú etí tó rí jánganjàngan. N kò kùn ún.

Àkókò òjò ti wọlé kí n tó tún gbúròó rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ méjì: “Ma binu.” Kò sí àmì lórí rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo kà á, mo rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ìwọ wò ó ná. Ó lè jẹ́ má bínú, kí ó máa bẹ̀ mí. Ó sì lè jẹ́ máa bínú, kí ó máa sọ fún mi pé kí n máa bínú lọ bí ó bá ti wù mí, torí báyìí náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti dójú tini, tó gé pátákó ẹni sí méjì, èwo ni kí n kà á sí? Mo kà á sí máa bínú. N kò fèsì.

Nígbà tí mo dé Òsì lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé. Ó bi mí nípa ọ̀rẹ́ mi, nítorí òun kò mọ̀ pé a ti pínyà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo yọ fóònù, mo ní kó wá gbọ́ ohun tí ẹni tó ń pè ní ọmọ òun fi ránṣẹ́ sí mi, mo kà á sí i létí pé, “Máa bínú.” Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí, ó wò mí. “Unú rẹ ò dùn, mo mọ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ìyẹn o, ọmọ mi. N ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu tirẹ̀.”

Mo gbìyànjú láti tún un kà lọ́nà tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kò ṣeé ṣe. Gbìyànjú rẹ̀ wò ìwọ náà: o kò lè la ẹnu pe ọ̀rọ̀ yẹn láìjẹ́ pé o ti dá ẹjọ́. Gbogbo bí mo ṣe ń dá ẹnìkejì mi lẹ́bi pé ó ka ọkàn tirẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ, èmi náà jókòó síwájú ìyá mi, mò ń fi ìbínú mi kọ àmì sórí tirẹ̀. Kò mú ìbínú náà kúrò o. Má ṣe rò pé mo fẹ́ fi ìwàásù parí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn jẹ́ kó le fún mi láti máa gbádùn rẹ̀.

Lónìí, bí oníbàárà bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ọkọ̀ òun “n mi”, mo máa ń pè é padà lójú ẹsẹ̀, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Mẹkáníìkì Orí Fóònù. Wọn kò mọ ìtàn rẹ̀ mọ́, n kò sì sọ ọ́. Ọyẹ́ kò jìnnà sí Ìkọ̀lé. Mo máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá bí mo bá ń lọ wo ìyá mi, mo sì máa ń rí ìdajì pátákó yẹn lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òun náà kò kùn ún. Bí ó bá rí mi, á gbé ọwọ́ sókè, èmi náà á gbé tèmi. Mo ti pààrọ̀ fóònù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ń rí i dájú pé ọ̀rọ̀ méjì náà bá mi dé inú tuntun. Mo lè dúró lọ́jọ́ kan kí n na fóònù sí i, kí n ní, “Ka èyí fún mi.” Bó bá pè é ní máa, ó ti parí láàárín wa. Bó bá pè é ní má, a jẹ́ pé gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ọ̀rẹ́ mi ti ń bẹ̀ mí, tí n kò dá a lóhùn. N kò mọ èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Mo máa ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀ nígbà tí mo bá dé iwájú rẹ̀.